Àlejò ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú: oúnjẹ wo ni mo lè sè tí n kò fi ní wà nílé ìdáná títí ilẹ̀ á fi ṣú?

aya_lágéré
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lágéré níbí nílé-Ifẹ̀ ni èmi àti ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú ọmọ wa méjì. Àgbà jẹ́ ọmọ ọdún 7, àbúrò jẹ́ ọmọ ọdún 4. Àwọn ọ̀rẹ́ tí a jọ kàwé fẹ́ wá kí wa lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìsìn. Tí a bá ka àwa onílé mọ́ ọn, a ó tó èèyàn 12. Ìyá ọkọ mi náà yóò wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà.

Kì í ṣe ìnáwó. A ò pe onílù, a ò mú aṣọ ẹbí. Ọ̀rẹ́ ló ń kí ọ̀rẹ́. Sítóòfù gáàsì olójú méjì ni mo ń lò, fíríìjì wà, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí iná ṣe rí ládùúgbò wa. Ohun tó ń dùn mí ni pé bí àlejò bá ti wọlé báyìí, ilé ìdáná ni mo máa ń wà títí wọn á fi dìde. Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín ní pálọ̀, èmi á máa ro ọbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo fẹ́ jókòó ti àwọn ọ̀rẹ́ mi, kí n gbọ́ ìròyìn wọn lẹ́nu wọn. Kí ni ẹ máa ń sè tí kò ní wàhálà, tí inú àlejò á sì dùn sí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ rà á lọ́wọ́ olóúnjẹ. Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ sè é.

ata_rodo
Àbúrò, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni kí o ti dáná ọjọ́ Àìkú. Nínú oúnjẹ wa, ata ló ń gba àkókò: lílọ̀ rẹ̀, gbígbẹ omi rẹ̀, díndín rẹ̀. Bí ata bá ti wà nílẹ̀, ọbẹ̀ kò ní ju bí ìṣẹ́jú 20 lọ mọ́.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Tàtàsé ni kó pọ̀ jù, òun ló ń fún ọbẹ̀ láwọ̀ àti adùn. Tìmátì díẹ̀, torí òun ló ń mú ọbẹ̀ kan. Àlùbọ́sà ńláńlá bíi mẹ́ta. Yọ kóró inú tàtàsé dànù kí o tó lọ̀ ọ́, má sì da omi púpọ̀ sínú blẹ́ńdà. Rodo, lọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ nítorí àwọn ọmọdé. Da ata sínú ìkòkò láìfi òróró kankan sí i, ṣí ìdérí díẹ̀, jẹ́ kó máa hó títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, tí yóò fi ki. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú. Ata tí omi rẹ̀ kò tíì gbẹ, bí o bá dà á sínú òróró gbígbóná, yóò máa ta sí ọ lára, yóò mu òróró yó, kò sì ní dín. Síse ló kàn ń sè. Èyí tí omi rẹ̀ ti gbẹ kò nílò òróró púpọ̀, kíkan rẹ̀ á sì ti lọ.

Lẹ́yìn náà, gbé òróró kaná, dín àlùbọ́sà gígé sínú rẹ̀ títí yóò fi máa ta sánsán, kí o wá da ata náà sí i. Iná díẹ̀ ni, kí o sì máa rò ó kí ìdí rẹ̀ má jóná. Nígbà tó bá jinná, òróró á gòkè wá sójú, á ya sọ́tọ̀ létí ìkòkò, ariwo hóhóhó inú rẹ̀ á sì rọlẹ̀. Sọ ọ́ kalẹ̀. Má tíì fi iyọ̀ tàbí mágí sí i, torí o ò tíì mọ ohun tí o máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe. Yọ ti àwọn ọmọ sọ́tọ̀, kí o tó da rodo sí ìyókù, kí o sì gbé e padà sórí iná díẹ̀ kí rodo náà jinná.

Tó bá tutù, kó o sínú ike onídèrí, kó wọ fíríìjì. Bí iná kò bá sí, ata tó dín dáadáa tí òróró borí rẹ̀ yóò di ọjọ́ Àìkú. Ṣáà gbé e kaná lálẹ́ àti láàárọ̀ kó hó dáadáa, má sì ki síbí tó lómi bọ̀ ọ́.

ọmọ_ọbòkun
Mo kí gbogbo ilé láti Iléṣà. Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè, ẹ̀yin ará Ifẹ̀. Ọ̀rẹ́ tí a ti ń retí ọjọ́ pípẹ́, ṣé ìrẹsì ni a ó gbé síwájú rẹ̀? Mo ti rí i pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Àwọn àgbà ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Iṣu kún ọjà Atákúnmọ̀ṣà, ó kún Odò-Ògbè lọ́dọ̀ tiyín náà.

Ẹ máa ní wàhálà iyán pọ̀. Ta ló ní kí ìyàwó ilé dá a gún? Nílé wa, àwa ọkùnrin la máa ń bọ́ aṣọ òkè sílẹ̀ ká dìde sí odó, àlejò àti onílé. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ tó dùn jù ti máa ń jáde. Ẹni méjì dojú kọ ara wọn, ọmọ odó ń lọ ń bọ̀, ẹni kẹta ń fi omi gbígbóná tọ́jú rẹ̀, àwọn ọmọ ń jí iṣu sísè jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Arábìnrin yìí ní òun fẹ́ gbọ́ ìròyìn àwọn ọ̀rẹ́ òun: ẹ gbé odó sí ẹ̀yìnkùlé kí gbogbo yín kúrò ní pálọ̀.

Ohun méjì ni kí ẹ ṣọ́. Iṣu àgbà ni kí ẹ rà. Tí ẹ bá rí iṣu tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ẹ fi se àsáró tàbí kí ẹ sè é jẹ pẹ̀lú ata díndín, torí omi pọ̀ nínú rẹ̀, iyán rẹ̀ kì í fà. Èkejì, gbígbóná ni kí ẹ gún un. Ẹ má gbé gbogbo iṣu kúrò nínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa bù ú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ fọ́ gbogbo rẹ̀ kúnná kí ẹ tó ta omi sí i. Omi tó bá tètè wọ̀ ọ́ ló ń sọ ọ́ di oníkókó.

ìyá_ìbejì
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjókòó. Mọ̀ọ̀rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo sì dàgbà sí. Nígbà tí a wà ní kékeré, n kò rí obìnrin kan tó ń dá sè fún àlejò. Àgbàlá kún. Ẹnì kan ń lọ ata, ẹnì kan ń já ẹ̀fọ́, ẹnì kan ń bá ẹran fà á, àwa ọmọdé ń pọn omi. Ìyàwó ilé tó jẹ́ pé òun nìkan ló wà nídìí ààrò, a máa ń wò ó pé ìjà wà nínú ilé náà ni. Nígbà tí ẹ wá kó sínú fúláàtì, tí ẹ ti ilẹ̀kùn yín, lẹ sọ ọ́ di ẹrù ẹnì kan.

Nítorí náà, aya_lágéré, bí ọ̀rẹ́ rẹ bá pè ọ́ tó ní, “Kí ni kí n mú wá?”, má dá a lóhùn pé “Má ṣèyọnu.” Sọ nǹkan kan pàtó fún un. Ìwọ mú èso. Ìwọ tètè dé ní aago kan, ká jọ dín dòdò. Ìwọ bá mi ra yìnyín. Ẹni tó bá fọwọ́ kan oúnjẹ máa ń jẹ ẹ́ bí onílé.

ata_rodo
Mà, ẹ forí jì mí, mo yàtọ̀ díẹ̀ níbẹ̀. Kí wọ́n dín dòdò, kí wọ́n gún iyán, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí a pè wá jẹun, ká tún ní kó se ìkòkò ọbẹ̀ kan wá láti ilé rẹ̀, n kò lè sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Owó ọjà tó gbòde yìí náà ńkọ́? Ẹnì kan lè má ní in lọ́wọ́, kó sì wá tìtorí ìtìjú sọ pé òun ò ráàyè wá mọ́.

ìyá_ìbejì
O sọ̀rọ̀ ọgbọ́n, ọmọ mi. Iṣẹ́ ọwọ́ ni mo ní lọ́kàn, n kò sọ pé kí wọ́n náwó. Èso tí mo dárúkọ, ẹni tó bá bèèrè fúnra rẹ̀ ni kí ẹ rán.

akẹ́kọ̀ọ́_ifẹ̀
Ẹ káàsán, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ìyá wa. Láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́, a ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́: ẹni tó ní ẹ̀wà mú ẹ̀wà wá, ẹni tó ní gàrí mú gàrí wá, ẹni tí kò ní nǹkan kan fọ abọ́.

Mo fẹ́ dá àdàlú lábàá. Owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, ìkòkò kan ni, kò sì ń fẹ́ kí èèyàn dúró tì í. Ẹ̀wà olóyin ni kí ẹ rà, ó máa ń tètè rọ̀, ó sì ń dùn fúnra rẹ̀. Ẹ ṣà á, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó hó díẹ̀, kí ẹ da omi àkọ́kọ́ yẹn nù. Ikùn tí ẹ̀wà máa ń run á lè ṣe jẹ́ẹ́. Ẹ bu omi mìíràn sí i. Bí ẹ̀wà bá ti ń rọ̀, kí ẹ da àgbàdo tútù tí ẹ ti rẹ́ kúrò lára ṣúkù sí i. Àgbàdo tó bá ti gbó jù, ẹ tètè dà á sí i. Ẹ gé àlùbọ́sà sí i, ẹ mú nínú ata díndín tí ẹ̀gbọ́n sọ, epo pupa díẹ̀, edé tàbí ẹja gbígbẹ, kí ẹ bo ìkòkò kí wọ́n jọ mọ ara wọn. Iyọ̀ ìkẹyìn ni. 

nọ́ọ̀sì_àgbà
Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti ìyá ọkọ, torí ojoojúmọ́ ni mo ń bá àwọn olóìtọ̀ ṣúgà pàdé lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má sè oúnjẹ ọ̀tọ̀ fún wọn kí wọ́n dá wà níkọ̀rọ̀ bí aláìsàn. Oúnjẹ kan náà ni, ìwọ̀n ló yàtọ̀. Kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo wọn. Ẹja tàbí ẹran, ìdá kan nínú mẹ́rin. Iyán, ìrẹsì tàbí ẹ̀bà, ìdá kan nínú mẹ́rin. Àdàlú tí ọmọ yìí sọ dára fún wọn, torí ẹ̀wà kì í sáré gbé ṣúgà ara sókè bíi ìrẹsì funfun, kí ẹ kàn rí i pé ẹ̀wà pọ̀ ju àgbàdo lọ nínú tiwọn.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní rántí: bí wọ́n bá ń lo oògùn ṣúgà tàbí abẹ́rẹ́ insulin, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ebi dúró de àlejò. Àlejò tó ní òun ń bọ̀ ní aago kan lè dé ní aago mẹ́ta. Ẹ bu tiwọn fún wọn lásìkò tí wọ́n máa ń jẹun, kí wọ́n tún bá yín jókòó nígbà tí àwọn ará bá dé. Ṣúgà ara tó bá já wálẹ̀ lójijì léwu gan-an.

Ẹ fọwọ́ díẹ̀ mú mágí pẹ̀lú. Iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn ò tó síbí ìmutíì kan tó kún. Bí irú àti ẹja gbígbẹ bá ti wà nínú ọbẹ̀, adùn ti wà níbẹ̀.

aya_lágéré
Ẹ ṣé gan-an, nọ́ọ̀sì. N kò ronú kan ti àsìkò oògùn yẹn rárá, abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbà. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọmọ_ọbòkun, ọkọ mi ti ka ọ̀rọ̀ yín, ó ti ń wá ibi tí òun á ti yá odó. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọn ń bọ̀ pẹ̀lú, àwọn ọmọdé kan kì í jẹ iyán. Mo fẹ́ kí ìrẹsì díẹ̀ wà. Jọ̀lọ́ọ̀fù ló máa ń ká mi láyà tó bá ti pọ̀, ìsàlẹ̀ á jóná, òkè á le.

ata_rodo
Fi jọ̀lọ́ọ̀fù sílẹ̀, se ìrẹsì elépo. Àwọn èèyàn ti jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù níbi gbogbo tí wọ́n lọ lóṣù yìí. Tó bá jẹ́ àwọn ọmọdé àti ẹni tó bá fẹ́ tọ́ ọ wò ni, kọ́ọ̀pù 4 tó.

Fọ ìrẹsì títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Gbé epo pupa kaná, iná díẹ̀, má ṣe jẹ́ kó funfun. Àlùbọ́sà, irú, kí òórùn irú náà dìde. Lẹ́yìn náà ata díndín tí kò ní rodo, omi ẹran tàbí omi lásán. Ohun tó ń ba ìrẹsì jẹ́ ni pé omi ń pọ̀ jù. Fún kọ́ọ̀pù 4, kí omi àti ata lápapọ̀ wà láàárín kọ́ọ̀pù 7 sí 8, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Tó bá hó, da ìrẹsì sí i, rò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fọ́ ẹja gbígbẹ sí i, rẹ iná sílẹ̀ pátápátá. Fi ewé tàbí fóìlì bo ojú rẹ̀ kí o tó dé ìdérí, kí ooru má jáde. Má máa ṣí i wò. Rírò lemọ́lemọ́ ló ń fọ́ ìrẹsì tó ń sọ ọ́ di ẹ̀kọ. Nígbà tó bá ku díẹ̀ kí omi gbẹ, já ewé ẹfinrin sí i, bò ó padà, pa iná. Ooru tó wà nínú rẹ̀ á parí iṣẹ́. Láti ibẹ̀ kó wọ kúlà, á ṣì máa gbóná nígbà tí wọ́n bá dé.

ọmọ_ọbòkun
Mo gbà fún àwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ wo ni ẹ fẹ́ fi jẹ iyán náà? Ẹ̀fọ́ rírò dára, síbẹ̀ ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ẹ̀gúsí oníṣàápá, èyí tí ìyá mi fi ń gba àlejò.

Ìṣápá funfun ni o, pupa kọ́. Ẹ ṣà á, ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná pẹ̀lú káún bíńtín, ẹ fọ̀ ọ́ ní omi tútù lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fún omi rẹ̀ dànù. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò kan jù. Ẹ lè ṣe èyí láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ gún ẹ̀gúsí, ẹ fi àlùbọ́sà lílọ̀ àti omi díẹ̀ pò ó kó ki. Ẹ gbé epo àti ata kaná, ẹ bu omi ẹran sí i, ẹ jẹ́ kó hó kíkankíkan kí ẹ tó máa fi ọwọ́ já ẹ̀gúsí náà sínú rẹ̀ ní ṣùṣù. Bó bá ti bọ́ sínú rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ bo ìkòkò, ẹ rẹ iná sílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ títí àwọn ṣùṣù náà á fi le. Ẹni tó bá tètè rò ó ti sọ ọ́ di ọbẹ̀ ṣíṣàn. Ìgbà tí epo bá gòkè ni kí ẹ da ìṣápá sí i, irú, pàńlá tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, ó ti jinná.

Ọbẹ̀ yìí máa ń dùn sí i lọ́jọ́ kejì, ìdí tí mo fi ní kí ẹ sè é sílẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ Àìkú, ẹ kàn máa gbé e gbóná ni.

ẹlẹ́fọ̀ọ́_odò_ògbè
Mo ń ka gbogbo yín látìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀fọ́ ni mo ń tà ní Odò-Ògbè, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Tí ẹ bá fẹ́ ro ẹ̀fọ́ sílẹ̀ mọ́jú, ṣọkọ ni kí ẹ rà, ẹ má ra tẹ̀tẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ rọ̀, ó dùn, àmọ́ omi pọ̀ nínú rẹ̀, bó bá ti sùn nínú ọbẹ̀, á yọ́. Ṣọkọ máa ń dúró. Ẹ wo ìdí ìdì kí ẹ tó sanwó, kì í ṣe ojú rẹ̀ nìkan, torí omi tí a ń wọ́n sí i lè mú kí ewé òkè tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí ti inú ti ń pọ́n. Bí igi ẹ̀fọ́ bá kán pọ́ ní ọwọ́ yín, ó ṣì tutù. Bó bá tẹ̀ tí kò kán, ẹ kọjá.

Kí ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e. Mo rí àwọn tó ń gé e tán kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, ọ̀pọ̀ nínú èròjà aṣaralóore inú rẹ̀ á bá omi lọ. Ẹ rẹ ewé náà sínú omi iyọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kòkòrò á léfòó. Bíbọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ pẹ́: omi gbígbóná, ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ bọ́ ọ sínú omi tútù kí àwọ̀ rẹ̀ má ṣá, kí ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì fún un títí kò ní kán mọ́. Omi tí ẹ kò fún tán ló máa ń leefó lójú ọbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀fọ́ tó dára, kó tètè wá láàárọ̀ Àbámẹ́ta. Ní ọ̀sán, oòrùn ti bá a.

ìyá_ìbejì
Ẹ kò mà tíì dárúkọ ọ̀lẹ̀lẹ̀, mọ́ínmọ́ín tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń pè é. Ohun kan ṣoṣo tó lè dúró fún ọmọdé, àgbà àti olóìtọ̀ ṣúgà nìyẹn, ó sì ṣeé fi ọwọ́ mú jẹ nígbà tí iyán bá ń pẹ́.

Ẹ rẹ ẹ̀wà fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú kí èèpo rẹ̀ tú, ẹ bó o, ẹ tún rẹ ẹ́ fún bíi wákàtí kan sí méjì kó rọ̀. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná pẹ̀lú tàtàsé, rodo àti àlùbọ́sà. Ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i díẹ̀díẹ̀ kí ẹ sì máa fi ọmọrogùn lù ú dáadáa kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́, òun ló ń jẹ́ kó rọ̀ múlọ́múlọ́. Òróró, iyọ̀, edé lílọ̀. Tí ẹyin bá wà, ẹ gé e sí i.

Ewé eéran ni kí ẹ fi pọ́n ọn, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń dà á sí tí wọ́n ń sè nínú omi gbígbóná, n kò fẹ́ ẹ nínú oúnjẹ yín. Bí ewé bá wọ́n, agolo tó mọ́ tàbí abọ́ onírin dára jù ú lọ. Fi aṣọ tútù nu ewé, tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ kó rọ̀, ká a bí òkòtó, kí o sì ṣẹ́ ìdí rẹ̀ padà sẹ́yìn kí ó má jò. Ọwọ́ òsì ló ń di ìdí náà mú, ọwọ́ ọ̀tún ló ń bù. Má bù ú kún, torí ó máa ń wú. Ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ bo ìdí, gbé e kalẹ̀ sórí àwọn igi ewé tí o ti tẹ́ sísàlẹ̀ ìkòkò. Kí omi ìsàlẹ̀ má bo wọn, ooru ni yóò sè é. Máa yẹ omi wò, kí o sì máa gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò bu gbígbóná sí i. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, tú ọ̀kan wò.

onígáàsì_àdúgbò
Ẹ gbé sílíńdà yín wò kí ó tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ wákàtí kan, iṣu, ọbẹ̀ méjì, gáàsì á lọ. Tí ẹ bá rọ ọ́, ẹ fi ọṣẹ híhó pa ẹnu rọ́bà àti ojú rẹ̀gúlétọ̀. Bó bá ń ru fùkẹ̀fùkẹ̀, ó ń jò. Ẹ má fi iná ìṣáná yẹ̀ ẹ́ wò láé. Bí epo bá gbiná nínú ìkòkò, ẹ pa gáàsì, ẹ dé ìkòkò ní ìdérí. Ẹ má da omi sí i.

aya_lágéré
Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́run á san án fún yín. Ó ti tò lọ́kàn mi wàyí. Ata díndín, ẹ̀gúsí oníṣàápá àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ìrẹsì elépo láàárọ̀ Àìkú kí a tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bí a bá dé, iṣu á gorí iná, àwọn ọkùnrin á gún un. Àdàlú ni mo máa sè fún ìdílé mi nínú ọ̀sẹ̀.

Ó ku nǹkan méjì. Ohun mímu wo ni mo lè ṣe fúnra mi? Àti pé kí ni mo máa ṣe sí oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù, torí iná yìí?

akẹ́kọ̀ọ́_ifẹ̀
Sóbò ni, ẹ̀gbọ́n. Ìṣápá pupa gbígbẹ, ẹ ṣàn án kí iyanrìn rẹ̀ lọ, ẹ sè é pẹ̀lú atalẹ̀ tí ẹ gún, kànáfùrù díẹ̀, àti èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí ẹ ti fọ̀. Ìṣẹ́jú 15 ti tó. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ má fi ṣúgà sí gbogbo rẹ̀, ẹ gbé ṣúgà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí oníkálukú bu tirẹ̀, kí ìyá lè mu lásán. Kò gbọdọ̀ pẹ́ níta, ó máa ń tètè kan.

nọ́ọ̀sì_àgbà
Ti àṣẹ́kù: ìrẹsì ni kí ẹ ṣọ́ jù. Kòkòrò àrùn kan wà tí síse kì í pa tán nínú rẹ̀. Bí ìrẹsì bá wà nínú ìlọ́wọ́ọ́wọ́ fún wákàtí púpọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, á sì tu oró sínú oúnjẹ tí gbígbé gbóná padà kò ní pa. Nítorí náà, bí kúlà náà kò bá gbóná mọ́, tó kàn ń lọ́ wọ́ọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kó di òru níbẹ̀. Láàárín wákàtí méjì tí ẹ bá jẹun tán, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sínú abọ́ kó tètè tutù, kó wọ fíríìjì. Bí iná kò bá sí, ẹ bù ú fún àwọn àlejò kí wọ́n gbé e lọ, kí wọ́n jẹ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ pẹ̀lú, ẹ̀wà kì í pẹ́ bàjẹ́. Ẹ̀gúsí, ẹ gbé e hó lálẹ́, ẹ tún gbé e hó láàárọ̀.

ọmọ_ọbòkun
Iyán ò ní ṣẹ́kù, ẹ má dààmú.

ìyá_ìbejì
Aya_lágéré, mo ní ìkòkò ńlá kan tí mo fi ń se ọ̀lẹ̀lẹ̀, kúlà olóoru méjì náà wà nílẹ̀. Kọ ìwé sí mi nínú àpótí ìfìránṣẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí ọkọ rẹ á ti wá gbé wọn lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Odó náà wà, ọmọ odó mẹ́ta. Kó mú ẹni tó lágbára lọ́wọ́ wá o, igi ìrókò ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ.